Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ajá alájá àti agbo àgùntàn: ohun tí òfin England gbà àti ohun tí kò gbà

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìyẹ. Ní England, àgbẹ̀ tó ń sin àgùntàn tàbí adìyẹ kò nílò kó gba àṣẹ pàtàkì lọ́wọ́ ìjọba kó tó pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lórí ilẹ̀ rẹ̀, kò sì sí oṣù kan nínú ọdún tí òfin ní ká fi í sílẹ̀. Ibi tí òfin ti le ni ọ̀nà tí wọ́n gbà pa á. Ohun èlò wo ni? Ilẹ̀ ta ni? Ṣé ẹranko náà kú kíá, àbí ó joró? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló ń gbé èèyàn dé iwájú adájọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìbọn, kó kọ́kọ́ wo òkú ẹran náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgùntàn ni òtútù, ebi tàbí ìbí tó le ń pa, tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á kàn wá jẹ òkú wọn lóru. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ bó awọ ọrùn àti èjìká rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sábẹ́ awọ níbi tí eyín ti wọlé, tí ẹran ibẹ̀ pọ́n tó sì wú, ó ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n bù ú jẹ, torí òkú kì í ṣẹ̀jẹ̀ sábẹ́ awọ. Bí ibẹ̀ bá mọ́ tónítóní, ó ti kú tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sínú omi: bó bá léfòó, ọmọ náà ti mí sínú kó tó kú, bó bá rì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkú ni wọ́n bí i. Àwòrán tó ní déètì lára dára láti yà nígbà yìí, nítorí àwọn ibì kan wà nínú òfin tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé àdánù ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ìbọn ni ọ̀pọ̀ ń lò. Lábẹ́ òfin ìbọn ti ọdún 1968, shotgun, ìbọn tó ń tú ọta wẹ́wẹ́ jáde, ní ìwé àṣẹ tirẹ̀; rifle, ìbọn tó ń yin ọta kan ṣoṣo lọ jìnnà, ní tirẹ̀. Ọlọ́pàá agbègbè ló ń fún ni ní méjèèjì, ọdún 5 ni wọ́n sì máa ń lò kí wọ́n tó tún wọn gbà. Ti rifle le ju ti shotgun lọ: ọlọ́pàá máa ń kọ iye ọta tí èèyàn lè ní àti ohun tí ìbọn náà wà fún sínú rẹ̀, kí àgbẹ̀ sì kà á dáadáa kó tó jáde. Ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ tàbí ẹni tó ń lo ilẹ̀. Gbígbé ìbọn wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ì báà má dún rárá, nítorí náà kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó bá ti fo ọgbà kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò ti bọ́.

Òru ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń rìn jù, òfin sì gbà kí wọ́n fi iná wá a. Àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ níbí ni pé wọ́n á yìnbọn sí ojú tó ń dán. Ojú àgùntàn ń dán, ojú ajá ń dán, ojú ológbò aládùúgbò náà ń dán. Kí wọ́n rí gbogbo ara ẹranko náà kó tó di pé wọ́n fọwọ́ kan ohun tí ń mú ìbọn dún, kí wọ́n sì rí ilẹ̀ gíga tó máa gba ọta lẹ́yìn rẹ̀, torí ọta rifle tó bá tàsé lè rìn ju kìlómítà kan lọ. Shotgun ní tirẹ̀ kò dára fún ọ̀nà jíjìn. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 30 mítà, ọta wẹ́wẹ́ náà ti ń fọ́nká, ó lè dá ọgbẹ́ sí i lára lásán, kó sì sá lọ kú díẹ̀díẹ̀ síbi tí ojú ò tó. Ohun kan tún wà tí òfin kò sọ, ṣùgbọ́n tí kò yẹ kéèyàn gbójú fò: ìgbà tí àgùntàn ń bí, ní March àti April, ni abo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ń bí. Ẹni tó bá pa ìyá lásìkò náà fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú ihò fún ebi.

Májèlé kò sí lára ohun tí òfin gbà rárá. Fífi í sínú ẹran tàbí ẹyin de kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lòdì sófin, fífẹ́ gáàsì sínú ihò rẹ̀ náà lòdì. Ẹni tó gbé májèlé sílẹ̀ kò lè yan ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ajá aládùúgbò àti ẹyẹ àwòdì lè ṣáájú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ débẹ̀. Tàkúté onírin eléyín tó ń há ẹranko lẹ́sẹ̀ ti di èèwọ̀ láti 1958. Òfin ẹranko ìgbẹ́ ti 1981 de ọrun àti ọfà àti ohun abúgbàù. Òfin mìíràn ti 1996 sì sọ pé ẹni tó bá lu ẹranko ìgbẹ́, tó gún un, tó sun ún, tó sọ ọ́ lókòó tàbí tó rì í sómi kó lè jẹ̀rora, lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì.

Gbólóhùn “rì í sómi” yẹn kan àwọn tó ń lo pàkúté oníkéèjì gan-an. Kéèjì bófin mu, ṣùgbọ́n gbàrà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ti pa dé, ẹranko náà ti wà lábẹ́ àkóso ẹni tó dẹ ẹ́, òfin ìtọ́jú ẹranko ti 2006 sì ti dé e. Kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láìsí omi nínú oòrùn, ikú tí wọ́n bá sì fi pa á gbọ́dọ̀ yá. Gbígbé e lọ tú sílẹ̀ níbòmíràn dà bí àánú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àánú: ẹranko tí kò mọ ibi tí oúnjẹ àti ibi ìsápamọ́ wà ni wọ́n jù sílẹ̀ yẹn. Ní ti okùn wáyà tí wọ́n fi ń dẹ ẹranko, Wales fòfin dè é ní 2023, Scotland ní 2024. Níbi tí wọ́n bá ṣì ti gbà á, èyí tó ń fún mọ́ ọrùn láìtú ti jẹ́ èèwọ̀ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo okùn tí wọ́n dẹ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó bá lè ṣe é láìlò ó, kó má lò ó. Badger, ẹranko olórí adíkálà tó ń gbẹ́ ihò, máa ń kó sínú rẹ̀, badger sì ní òfin ààbò tirẹ̀, èyí tó jáde ní 1992.

Fífi ajá dọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ọ̀ràn tó gbóná jù. Òfin tó fòpin sí i jáde ní 2004, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní February 2005. Àyè kékeré kan ṣẹ́ kù: àgbẹ̀ lè fi ajá tí kò ju méjì lọ tú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde nínú igbó, bó bá jẹ́ pé kó má bàa ba ẹran ọ̀sìn rẹ̀ jẹ́ ni, lórí ilẹ̀ tirẹ̀ tàbí èyí tó gbàṣẹ lé. Wọ́n gbọ́dọ̀ yìnbọn pa ẹranko náà ní kété tó bá yọjú, ajá kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá. Ajá mẹ́ta ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣì lóye ni ti ajá tó ń wọ inú ihò. Òfin gbà kí ajá kan ṣoṣo wọlé lọ tú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde, ṣùgbọ́n nítorí ẹyẹ tí wọ́n ń tọ́jú káwọn ọlọ́dẹ lè yìnbọn pa á nìkan ni, ìwé tó fi hàn pé ilẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ tàbí pé onílẹ̀ fọwọ́ sí i sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni náà láti fi han ọlọ́pàá. Adìyẹ àti ọmọ àgùntàn kò sí lára rẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá rán ajá wọ ihò nítorí àgùntàn rẹ̀ ti rú òfin, bó ti wù kí ẹran tó ti kú lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ tó.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò ní olówó. Kò sẹ́ni tí a ó pè lẹ́jọ́. Ajá ní. Òfin 1953 sọ pé olówó ajá jẹ̀bi bí ajá rẹ̀ bá kọlu ẹran ọ̀sìn tàbí tó ń lé e kiri lórí ilẹ̀ oko. Ìlélékiri nìkan tó, torí àgùntàn tó lóyún lè ṣẹ́ ẹ láìjẹ́ pé eyín kàn án. Òfin ẹranko ti 1971 sì sọ olówó ajá di ẹni tó máa san ẹran tó kú.

Yíyìnbọn pa ajá náà ni kí wọ́n rora ṣe, torí ohun ìní ẹlòmíràn ni. Òfin 1971 náà kò dá àgbẹ̀ láre àfi bó bá wà lára àwọn méjì yìí. Èkíní, ajá náà ń yọ ẹran lẹ́nu lọ́wọ́ tàbí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó bọ́gbọ́n mu láti dá a dúró. Èkejì, ó ti yọ wọ́n lẹ́nu tán, kò tíì kúrò ládùúgbò, kò sẹ́ni tó ń darí rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè mọ olówó rẹ̀. Ajá tó ti ń sáré padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀ lójú ọ̀nà kò sí nínú méjèèjì. Lẹ́yìn èyí ni wákàtí 48 tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá tó wà nídìí iṣẹ́ ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá láàárín àkókò yẹn. Bó bá dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, àwíjàre tí òfin yìí fún un ti lọ, ì báà jẹ́ pé ajá náà pa àgùntàn ogún lójú rẹ̀. Kó gba nọ́ńbà ìròyìn náà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kó sì kọ wákàtí tó pè sílẹ̀.

Kannakánná tó ń yọ ojú ọmọ àgùntàn tuntun wà lábẹ́ ètò mìíràn, torí òfin 1981 dáàbò bo gbogbo ẹyẹ ìgbẹ́. Ìwé àṣẹ gbogbogbò ni wọ́n fi ń pa á. Àgbẹ̀ kì í kọ̀wé béèrè fún un, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kà á kó sì tẹ̀ lé ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní April 2019, ìjọba fagi lé mẹ́ta nínú àwọn ìwé wọ̀nyí lójijì, láàárín ìgbà ìbímọ àgùntàn, títí wọ́n fi gbé òmíràn jáde. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ máa yẹ ti ọdún tó wà níta wò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọgbà ló ń gba adìyẹ là jù. Wáyà adìyẹ tín-ín-rín kò tó, torí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè já a; wáyà tí wọ́n jó pọ̀ ló dáa. Kí wọ́n ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síta lábẹ́ ilẹ̀, kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè kàn án níbi tó bá ti ń gbẹ́. Bó bá jẹ́ àwọ̀n oníná ni wọ́n lò, kí wọ́n máa gé koríko abẹ́ rẹ̀: koríko tútù tó bá fara kan wáyà ń fa iná náà lọ sínú ilẹ̀, lọ́jọ́ tí òjò bá sì rọ̀ mọ́jú, àwọ̀n tó yẹ kó gbáni lè má ju okùn lásán lọ.