Mímú Ìyá Oyin, Sísàmì sí i àti Gígé Ìyẹ́ Rẹ̀

Ìyá oyin, tí àwọn kan ń pè ní ayaba oyin, ló ń yé ẹyin tí ilé oyin fi ń kún. Àwọn tó ń sin oyin máa ń mú un, wọ́n á tọ́ ọ̀dà sí i lẹ́yìn, àwọn mìíràn sì ń gé ìyẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè tètè rí i, kí wọ́n mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ bí ilé bá ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti àárín kòkó Ìjẹ̀bú-Igbó dé ìdí obì Ṣágámù, oyin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Apis mellifera adansonii, ni wọ́n ń sìn. Oyin yìí tètè ń bínú, kì í sì í pẹ́ kó ilé sílẹ̀, nítorí náà ìlànà oyin Yúróòpù kì í bá a mu délẹ̀.

Wíwá a

Orí àfárá tí ẹyin tuntun wà ni wọ́n ti ń wá a. Ẹyin ọjọ́ kìíní máa ń nàró ní ìsàlẹ̀ ihò. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti sùn sílẹ̀. Ẹni tó bá rí èyí tó nàró mọ̀ pé ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ ni. Èéfín díẹ̀ ló yẹ: bó bá pọ̀, oyin á sáré lọ ṣùjọ sí igun àpótí, ìyá á sì sọnù sáàárín wọn. Nínú àpótí tí wọ́n ń to ọ̀pá igi sí lórí, àfárá kò ní férémù, ìyẹn igi tó ń yí i ká láti dì í mú. Bí wọ́n bá gbé e dùbúlẹ̀ nínú oòrùn, ó lè já bọ́. Oyin máa ń rọ̀ díẹ̀ nígbà tí òdòdó pọ̀, bí ìgbà ọyẹ́ tí ewé Akíntọ́lá ń tanná (ewé Awólọ́wọ̀ ni àwọn mìíràn ń pè é).

Mímú àti àmì

Ìka àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni wọ́n fi ń mú un níbi ìyẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà wọ́n á dì í mú níbi àyà. Ikùn kọ́ ni wọ́n ń dì mú, torí ibẹ̀ ni ilé ẹyin rẹ̀ wà. Ìbọ̀wọ́ aláwọ kò jẹ́ kí ọwọ́ mọ bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó. Ìyá oyin ní oró, àmọ́ kì í sábà ta ènìyàn. Akọ oyin, tí kò ní oró rárá, ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi dánra wò. Nítorí ìbínú oyin tiwa, ó sàn kí wọ́n fi ìyá sínú àgò kékeré, kí wọ́n gbé e wọ yàrá, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bó bá fò, ojú fèrèsé ni yóò lọ.

Ẹ̀kán ọ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́ sí ẹ̀yìn àyà, láàárín ìyẹ́ méjèèjì. Kò gbọdọ̀ kan ojú, ìwo tàbí oríkèé ìyẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ, torí bí òórùn rẹ̀ bá ṣì ń le, bíi ti kútẹ́ẹ̀sì, àwọn ọmọ rẹ̀ lè rọ̀gbà yí i ká bíi bọ́ọ̀lù títí ooru yóò fi pa á. Àwọ̀ tí wọ́n fẹnu kò sí káàkiri àgbáyé ni funfun fún ìyá tó jáde ní ọdún tó parí sí 1 tàbí 6, yẹ́lò fún 2 tàbí 7, pupa fún 3 tàbí 8, àwọ̀ ewé fún 4 tàbí 9, búlúù fún 5 tàbí 0.

Gígé ìyẹ́

Wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí kékeré gé bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹ́ iwájú kan, kó má lè fò jìnnà. Wúńdíá, ìyẹn ìyá tuntun tí kò tíì bá akọ pàdé, kọ́ ni wọ́n ń gé ìyẹ́ fún, torí òfuurufú ló ti ń pàdé àwọn akọ. Ní Yúróòpù, gígé ìyẹ́ ń dá oyin tó fẹ́ pín, kí apá kan lọ dá ilé mìíràn sílẹ̀, dúró fún ọjọ́ díẹ̀, títí wúńdíá yóò fi jáde, tí wọn yóò sì bá a lọ. Lọ́dọ̀ wa, àǹfààní rẹ̀ kéré, torí ebi, iná tàbí èèrà ló sábà ń lé oyin jáde: ìyá á jábọ́ síwájú àpótí, á máa rìn nílẹ̀, ìjàlọ á sì gbé e.