Òjé nínú oúnjẹ ọmọ: kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Amẹ́ríkà níbí ni mo wà, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní òjé inú cereal ọmọdé ò gbọdọ̀ ju 20 ppb lọ, ìyẹn ìdá 20 nínú bílíọ̀nù kan, wọ́n tún ní kò sí òjé kankan tó dáa lára ọmọ. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ ni méjèèjì. January 2025 ni FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé nọ́ńbà yẹn jáde, 20 fún cereal gbígbẹ, 10 fún ọ̀pọ̀ èso àti ẹ̀fọ́ lílọ̀. Kì í ṣe pé 19 dáa kí 21 wá di májèlé o. Inú ilẹ̀ lòjé wà, ohun ọ̀gbìn ń fà á mu, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ tán, torí náà ibi tí wọ́n rí i pé ilé iṣẹ́ lè dín in kù dé ni wọ́n fàlà sí, ọjà tó bá kọjá ẹ̀, wọ́n lè gbé ìgbésẹ̀ lórí ẹ̀.

Ìbéèrè: Nǹkan tó kéré báyẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń rí i?

Ìdáhùn: Ppb kan ni máíkrógíráàmù kan, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan, nínú kílò kan. Ní láàbù, wọ́n á fi ásíìdì àti ooru yọ́ oúnjẹ náà títí á fi di omi, wọ́n á fọ́n ọn sínú plasma, ìyẹn gáàsì tó gbóná ju ojú oòrùn lọ, ẹ̀rọ ICP-MS á wá máa ka òjé tó ń kọjá.

Ìbéèrè: Ọmọ tèmi wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tó bá jẹ gíráàmù 30 cereal gbígbẹ lójúmọ́, tí cereal yẹn sì wà ní 20 ppb gan-an, òjé tó wọlé jẹ́ máíkrógíráàmù 0.6. Òdiwọ̀n tí FDA ń lò fún ọmọdé jẹ́ máíkrógíráàmù 2.2 lójúmọ́, àmọ́ gbogbo oúnjẹ ló pa pọ̀ síbẹ̀, kárọ́ọ̀tì wà ńbẹ̀, ànàmọ́ wà ńbẹ̀, a ò tíì wá ka omi ẹ̀rọ àti ọ̀dà ilé àtijọ́ mọ́ ọn. Ara ọmọ kéré, ọpọlọ ẹ̀ ṣì ń dàgbà, ohun tó ń jẹ lójoojúmọ́ ló ń kó jọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó o máa fún un ní nǹkan kan ṣoṣo.

Cereal ìrẹsì ni kó o kọ́kọ́ dín kù, inú omi ni wọ́n ń gbin ìrẹsì, arsenic, májèlé mìíràn tó wà nínú ilẹ̀ bí òjé, sì máa ń yọ́ nínú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wọ gbòǹgbò. Fún un ní oats, ògì àgbàdo náà dáa, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ṣa èyí tó ti bu kúrò kó o tó rẹ ẹ́, torí aflatoxin, májèlé tí èbu ń mú wá, kì í kú sínú iná. Wá ẹ̀wà, ẹran tàbí ẹyin tó ní irin mọ́ ọn, ọmọ tí irin ò tó lára ẹ̀ máa ń fa òjé mu jù. Tó bá pé ọdún kan, sọ fún dókítà kó yẹ òjé inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.