Ìpele Mẹ́jọ Tí Ọkàn Ẹ̀dá Ń Gbà Dàgbà

Ara kì í pẹ́ dàgbà tán: kí ènìyàn tó pé ọmọ ogún ọdún, gíga tó máa ga ti parí. Ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀. Erik Erikson, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá tí wọ́n bí sí Frankfurt ní Jámánì lọ́dún 1902, ló ṣàlàyé pé títí dọjọ́ alẹ́ ni ọkàn ń dàgbà. Nínú ìwé tó gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1950, ó pín ọjọ́ ayé sí ìpele mẹ́jọ. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, nǹkan méjì ló ń du ènìyàn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀nà tí àwọn tó yí i ká sì gbà ṣe sí i wà lára ohun tó ń pinnu èyí tó máa borí.

Ẹ wo ọmọ ọwọ́. Ebi ń pa á, ó ké, wọ́n gbé e, wọ́n fún un lọ́mú. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, á gbà pé ayé ṣeé fọkàn tán. Bó bá ń ké tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, ìfura ló máa kọ́. Síbẹ̀, Erikson kò ní kí ìfura má sí rárá, torí ọmọ tí kò bá fura á tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí i. Kí ìfọkàntán ṣáà pọ̀ jù ú lọ.

Láti nǹkan bí ọmọ ọdún kan ààbọ̀, ọmọ fẹ́ máa dá nǹkan ṣe. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ti ń pẹ́ lẹ́yìn. Gbígba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ba nǹkan jẹ́. Àmọ́ bó bá di ojoojúmọ́, tí wọ́n tún ń fi í ṣẹ̀sín pé ó tọ̀ sára, ìtìjú á wọ̀ ọ́ lára, kò sì ní dá ara rẹ̀ lójú. Lẹ́yìn èyí ni ìgbà tó ń dá eré sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àti ìgbà ilé-ìwé tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wé tẹgbẹ́.

Ìpele karùn-ún, ìgbà ọ̀dọ́langba, ni Erikson kọ nípa rẹ̀ jù, kò sì yani lẹ́nu. Wọn ò sọ ẹni tó bí i fún un. Orúkọ ọkọ ìyá rẹ̀, Homburger, ló ń jẹ́. Ọmọ Júù ni, àmọ́ irun rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà bíi ti àwọn ará àríwá Yúróòpù. Níléèwé, wọ́n ń pè é ní Júù. Ní sínágọ́gù, wọ́n ní kì í ṣe ara wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló mú orúkọ Erikson nígbà tó di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́dún 1939. Ìbéèrè ìpele yìí, "ta ni mí?", nílò àyè. Lọ́dún 1966, James Marcia, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá mìíràn, fi hàn pé àwọn kan ń gba ìpinnu òbí wọlé láìwá tiwọn rárá, bí ọmọ tí wọ́n ti ní dókítà ló máa ṣe láti kékeré. Ó lè dà bíi pé ó ti mọ ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè. Ọ̀dọ́ tó ń yí èrò padà kì í ṣe olórí kunkun dandan.

Ìfẹ́ àti ìdánìkanwà ló kàn. Ní àárín ọjọ́ orí, ó ń wu àgbà kí wọ́n nílò òun: ọmọ tó bí, ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́, ìlú tó ń sìn. Ẹni tí kò ní irú èyí lè wà lójú kan. Nígbà ogbó, ó máa bojú wẹ̀yìn, bóyá pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, bóyá pẹ̀lú àbámọ̀.

Ọjọ́ orí wọ̀nyí kì í ṣe òfin, ohun tó bàjẹ́ ní kékeré sì ṣeé tún ṣe: olùkọ́ tàbí ọkọ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lè tún ìfọkàntán kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lohun tó ti dúró tún lè mì. Lọ́dún 1997, ọdún kẹta lẹ́yìn ikú Erikson, ìyàwó rẹ̀ Joan fi ìpele kẹsàn-án kún un. Ó ní bí ara bá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ìjà àtijọ́ gbogbo ń padà wá. Àgbàlagbà tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ lọ sí ilé ìgbẹ́ tún ń bá ìtìjú wọ̀yá ìjà, bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá sì ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ṣì ṣe pàtàkì.