Bí wọ́n ṣe ń fi òwú de rọ́bà ẹgbẹ́ mọ́ awọ ara

Rọ́bà tí wọ́n tì bọ ẹgbẹ́ aláìsàn láti fa afẹ́fẹ́, ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún tó yí ẹ̀dọ̀fóró ká jáde kò gbọdọ̀ yọ. Bó bá yọ, afẹ́fẹ́ lè gba ojú ihò náà wọlé, ẹ̀dọ̀fóró á sì tún súnkì. Pílásítà nìkan kò lè dì í mú nínú ooru Ìbàdàn: bí iná bá lọ lóṣù Kẹta tí fáànù dúró, òógùn á ṣí i kúrò lára.

Òwú sílíìkì nọ́ńbà 0 tàbí 1 ló dára jù. Èyí tó tín-ín-rín jù máa ń gé awọ, náílọ́ọ̀nù sì máa ń yọ̀ lórí rọ́bà. Kí wọ́n tó rán an, wọ́n á fún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ lignocaine kí ara ibẹ̀ má baà mọ ìrora: kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 3 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kílò 60 kò gbọdọ̀ gbà ju mílílítà 18 ti ìdá 1% lọ, torí mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà kan rẹ̀.

Òwú méjì ni wọ́n ń lò. Ti àkọ́kọ́ ló ń di rọ́bà mú. Abẹ́rẹ́ á wọ awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà, á sì mú ẹran tó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Kókó tí wọ́n bá ta sórí awọ kò gbọdọ̀ le, torí ara ibẹ̀ máa wú. Bí kókó bá le, awọ á kú, òwú á sì gé e já. Orí rọ́bà ló yẹ kó ti le. Wọ́n á gbé ẹnu òwú méjèèjì kọjá ara wọn yí rọ́bà ká, wọ́n á ta kókó, wọ́n á tún gòkè díẹ̀, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wo ara rọ́bà dáadáa: kí òwú wọ̀ ọ́ díẹ̀, àmọ́ kí inú rẹ̀ má fún, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì lè dí i pa. Bí òwú bá sì gùn láàárín awọ àti rọ́bà, rọ́bà á máa wọlé, á máa jáde, á sì máa kó kòkòrò wọnú.

Òwú kejì gba etí ọgbẹ́ méjèèjì kọjá, wọn kò sì ní ta kókó rẹ̀ títí di ọjọ́ tí rọ́bà máa jáde. Lọ́jọ́ náà, aláìsàn á mí síta, á sé èémí, ẹnì kan á fa rọ́bà, ẹnì kejì á ta kókó lójú ẹsẹ̀. Ìrán tó ń fún ẹnu ọgbẹ́ pọ̀ yípo bí okùn ṣòkòtò kò dára. Àpá rẹ̀ máa ń burú, ó sì máa ń dun aláìsàn.

Fún ẹni tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé láti Mọ́níyà wá sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, ó yẹ kí wọ́n tún fi pílásítà lẹ ibi tí rọ́bà ti tẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí gbígbọ̀n ọkọ̀ má baà dé ojú ìrán. Kí ìgò omi tí ẹnu rọ́bà wọ̀ wà nísàlẹ̀ àyà, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ara rọ́bà tó ṣe déédéé awọ sínú ìwé. Bí nọ́ńbà bá yí padà tó fi hàn pé rọ́bà ti sún jáde, wọn kì í tì í padà, torí apá tó ti wà níta ti dọ̀tí. Dókítà ni kí wọ́n pè.