Igbá Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Jọ́nà: Ibi Tó Ti Ṣẹ̀ Wá Lójú Ọmọ Kétu

"Ẹ̀gbọ́n, jọ́nà tó wúwo ni mò ń wá."

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi kan sọ nìyẹn nígbà tó wọlé tọ̀ mí wá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí tábìlì mi. Igbó kéékèèké tó ṣẹ́kù lẹ́bàá Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló ti ń ka igi inú wọn láti ọdún mẹ́ta. Ó ti kọ èsì rẹ̀ ní Faransé, ó ti tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wá ku jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, tí yóò gbà á. Orúkọ jọ́nà tò sí apá òsì ojú kọ̀ǹpútà náà, nọ́ńbà tò sí apá ọ̀tún, èyí tí wọ́n ń pè ní impact factor, tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí jọ́nà kọ̀ọ̀kan tó. Kò ka orúkọ kankan. Nọ́ńbà lojú rẹ̀ ń bá lọ sókè sódò, bí ẹni tó ń wo iye owó lára aṣọ. Mo bi í pé ta ló wọ̀n wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe bá a nìyẹn."

Ní ọjà Wàndó, bí ẹ bá fẹ́ ra àgbàdo, ìdí igbá lẹ kọ́kọ́ ń wò. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Òmíràn wà tí ìyá ọlọ́jà á bu àgbàdo sí títí yóò fi ṣe ṣóńṣó, tí yóò tún fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ dànù bó bá rí i pé ẹ kì í ṣe oníbàárà òun. Kò sí igbá òṣùwọ̀n tí kò lẹ́ni tó pa á. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń kọ àpilẹ̀kọ lónìí, wọ́n á ní Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà, ló pa tiwọn. Mi ò ní ọkùnrin náà kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní ìdí igbá náà, ìyẹn ìtọ́kasí, kéèyàn máa dárúkọ ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ti dàgbà nílé wa kí wọ́n tó bí baba ńlá Garfield.

Ẹ jẹ́ ká ti Kétu bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi Alákétu tuntun jẹ, oyè kò tíì pé àfi bí Baba Ẹlẹ́gùn bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìdílé ni. Òun ni yóò ka ìtàn ìlú láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ti kúrò ní Ifẹ̀, ọba kan tẹ̀lé òmíràn, láìwo ìwé. Bó bá kà á tán tí kò ṣì, wọ́n á fún un lẹ́bùn. Bó bá ṣì, ọwọ́ àwọn òrìṣà ló bọ́ sí. Jọ́nà òde òní náà ní ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, èyí tó bá sì ṣì, wọ́n á ní kó lọ tún un ṣe. Baba Ẹlẹ́gùn kò ní àǹfààní à-ń-lọ-tún-un-ṣe. Gbogbo àgbà ìlú ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lójúkojú, etí wọn sì ti gbọ́ ọ rí.

Ìgbà wo ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀? Lójú tèmi, kì í ṣe nígbà tí wọ́n dé Kétu. Ojú ọ̀nà ni. Ẹni tó ń ṣí kiri kò lè gbé òpó ilé baba rẹ̀ dání, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ru ibojì. Orúkọ ló lè gbé. Mo máa ń rí wọn lọ́kàn mi, wọ́n jókòó yí iná ká lábẹ́ igi, ẹnì kan ń ka ẹni tó jọba ṣáájú ẹni tó wà níwájú wọn, ọmọdé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ọ́ tẹ̀lé e wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọdé yẹn ni Baba Ẹlẹ́gùn ọ̀la. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nítorí kí ìjà má bàa sí lórí ẹni tí oyè kàn ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rù pé àwọn á gbàgbé Ifẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ìtọ́kasí ni.

Ifá náà ńkọ́? Babaláwo kì í já lu ìtàn bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dárúkọ awo tó dá a, yóò wá sọ ẹni tí wọ́n dífá fún àti ohun tó ń dà á láàmú, kó tó kan ẹbọ àti àbájáde rẹ̀. Ẹ mú àpilẹ̀kọ sáyẹ́ǹsì kan kí ẹ fi wé e: ta ló ti sọ ọ́ ṣáájú, kí ni ìṣòro, kí la ṣe, kí ló jáde. Ẹni tó bá ní Yúróòpù ni ìtọ́kasí ti dé bá wa, ẹ bi í bóyá ó ti jókòó ti babaláwo rí.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ dùn. A na ìka, a tọ́ka sí nǹkan. Àwa sì ni a ní èèyàn kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀, nítorí náà títọ́ka ní ọ̀wọ̀ nínú lọ́dọ̀ tiwa. Bí mo sì ti ń sọ̀rọ̀ orúkọ yìí, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀: àwọn àgbà ní orúkọ Kétu wá látinú ọ̀rọ̀ abuké tí wọ́n fi rúbọ ní ẹnu bodè nígbà tí wọ́n ń mọ odi ìlú. Wọ́n ní, ta ní í tú iké? Ta ní í fọ́ ìlú? Pé bí ẹnikẹ́ni kò ṣe lè tú iké ẹ̀yìn abuké, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní lè fọ́ ìlú yìí. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ ọ, wọ́n kó èèyàn lọ sí Abọ́mẹ̀. Nígbà tí Faransé borí Béhanzin ọba Dàhòmì tí àwọn tó ṣẹ́kù padà sílé, odi ti wó, àwọn orúkọ ọba wà lẹ́nu. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ìtọ́kasí le ju odi lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ní ibòmíràn lọ́kàn. Àwọn kan á dárúkọ London, tí jọ́nà àwọn onímọ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 1665. Àwọn Faransé á ní ti Paris ti fi oṣù méjì ṣáájú rẹ̀. Kí wọ́n máa bára wọn jà nìṣó. Ìwé àtìgbàdégbà ni wọ́n dá sílẹ̀, wọn ò dá òṣùwọ̀n kankan sílẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ti àwọn lọ́yà ni, torí pé láti 1873 ni Frank Shepard ní Illinois ti ń tẹ ìwé tó ń fi hàn pé ẹjọ́ báyìí, àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí ló ti tọ́ka sí i. Òótọ́ ni pé Garfield kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́yà kò wọn nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹjọ́ náà ṣì dúró ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìtọ́kasí ṣe igbá, bí mo ṣe rí i, ni P. L. K. Gross àti E. M. Gross, ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Pomona ní California. Ní 1927 ni. Owó tí wọ́n lè fi ra jọ́nà sí ilé-ìkàwé kò tó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místrì sì gbọ́dọ̀ kàwé. Wọ́n wá mú ìwé 1926 ti jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí i ní ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n sì ka jọ́nà tí àwọn tó kọ̀wé síbẹ̀ ti tọ́ka sí, kálukú pẹ̀lú iye rẹ̀. Èyí tó bá pọ̀, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti jókòó rí nínú ilé-ìkàwé tí owó rẹ̀ kò ju ti ọṣẹ àti gbálẹ̀ lọ á mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn àwọn méjì yìí. Ìwé ni wọ́n wọ̀n. Wọn ò wọn ẹnì kankan.

Garfield wá. Ní 1955 ó kọ èrò rẹ̀ sínú jọ́nà Science, ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Philadelphia. Ìwé ìtọ́kasí sáyẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1964, jọ́nà 613 ló kà fún èyí àkọ́kọ́. Òun àti Irving Sher rí i pé bí èèyàn bá kàn ka iye ìtọ́kasí lásán, jọ́nà ńlá ni yóò máa gbé kékeré mì, ni wọ́n bá ní kí wọ́n máa pín in. Ẹ wò ó báyìí: ká ní jọ́nà kan tẹ àpilẹ̀kọ 90 ní 2022, ó tẹ 110 ní 2023. Àpapọ̀ rẹ̀ 200. Ní 2024 wọ́n ka gbogbo ibi tí wọ́n ti tọ́ka sí iṣẹ́ ọdún méjèèjì yẹn, ó jẹ́ 500. Wọ́n fi 200 pín 500, ó di 2.5. Ohun tí àbúrò mi ń wò lápá ọ̀tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìyẹn. Bí 301 nínú 500 yẹn bá sì jẹ́ ti àpilẹ̀kọ ẹyọ kan ṣoṣo, tí ìyókù kò rí ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ, 2.5 náà ló ṣì máa wà lára gbogbo wọn. Iṣu ńlá kan lókè àpò, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń wà nísàlẹ̀.

Fún àwọn tó ń kọ́ nípa igbó àti ẹranko, ọdún méjì yìí kò tó rárá. Haeckel ará Jámánì ló fún ìmọ̀ náà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ecology, lórúkọ ní 1866, látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ilé. Mo gbádùn rẹ̀ púpọ̀: ìmọ̀ ilé, ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ẹni, ẹni tó ń jẹ ẹni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá Journal of Ecology sílẹ̀ ní 1913, àwọn Amẹ́ríkà dá Ecology sílẹ̀ ní 1920, Evolution tẹ̀lé e ní 1947. Nínú ìtọ́kasí tí Ecology ń gbà lọ́dún kan, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ ti iṣẹ́ tó ti lé ní ọdún 10. Igi kì í dàgbà ní ọdún méjì, ọ̀rọ̀ igi náà kì í sì í dàgbà ní ọdún méjì. Jọ́nà tó ń kó iṣẹ́ ẹlòmíràn jọ sójú kan, bíi Trends in Ecology & Evolution ti 1986, ló ń gba nọ́ńbà gíga, nítorí ó rọrùn láti tọ́ka sí ẹni tó ti bá wa kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Ìyókù yá kíákíá. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà gbogbo jọ́nà pọ̀ sínú ìwé kan, àwọn ọ̀gá yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn èèyàn. Ní 2011, Ecology and Evolution jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan: iṣẹ́ tó bá ṣáà ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gbà á, títí kan èyí tí jọ́nà mìíràn gbé wá fún wọn, òǹkọ̀wé ni yóò san owó, òǹkàwé kò ní san nǹkan kan. Ní 2012, àwọn onímọ̀ pàdé ní San Francisco, wọ́n ní kí wọ́n yé fi nọ́ńbà jọ́nà wọn ẹni tó kọ̀wé. Nature Ecology & Evolution dé ní 2017, nígbà tó sì di 2021, ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé ka tirẹ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ á san 9,500 euro. Mo ṣírò rẹ̀ sí sẹ́fà fún àbúrò mi: mílíọ̀nù 6 ó lé 231,000. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa ojú ìwé yẹn dé.

Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ ní Àjàṣẹ́ yìí ní 1948. Kò mọ̀. Études dahoméennes ni, iṣẹ́ ìtàn àti àṣà ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Ìwé ńlá tí àwọn onímọ̀ ewéko tẹ̀ ní 2006, èyí tó ka irú ewéko tó lé ní 2,800 ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò ní nọ́ńbà náà, nítorí pé kì í ṣe jọ́nà. Àbúrò mi kò lè dárúkọ igi kan láìṣí i. Geoffrey Parrinder kọ ìtàn Kétu, ó tẹ̀ ẹ́ ní 1956, gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé lórí Kétu ló ń tọ́ka sí i. Àwọn àgbà tó jókòó tì í, tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kò sí igbá tó kà wọ́n.

Àbúrò mi ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé òun ń lọ sí CAMES ní Ouagadougou, àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò, bí òun bá fẹ́ gòkè, òun ò lè fi Baba Ẹlẹ́gùn gòkè. Òótọ́ ló sọ. A jọ wá jọ́nà kan tí kò ní béèrè owó lọ́wọ́ ará Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ṣe déédéé. Nígbà tó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé ni mo ní kó fi ẹ̀yìn àpilẹ̀kọ náà hàn mí. Ọdẹ kan ló mú un wọ igbó fún ọdún mẹ́ta yẹn, tó ń sọ orúkọ igi fún un ní èdè wa. Mo rí i níbẹ̀ lóòótọ́, ní ìlà kan ṣoṣo: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé."

Mo tọ́ka sí i. Kò sọ nǹkan kan, ó mú fóònù, ó pe bàbá náà, ó kí i dáadáa, ó bi í ní orúkọ rẹ̀ lódindi. Fóònù wà ní gbangba, mo gbọ́ bàbá náà tó dákẹ́ díẹ̀, tó wá ní, "Orúkọ èwo lẹ fẹ́, ti ilé ni àbí ti ìwé?"