Fóònù dákẹ́, síbẹ̀ iṣẹ́ kò lọ: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Télọ̀ ni mí. Mo ti fi fóònù sí sáìlẹ́ǹtì, mo sì da ojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Síbẹ̀, ọwọ́ mi á ṣáà lọ síbẹ̀. Ṣé ọkàn mi ni kò le tó?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má bú ara yín. Ní 2017, onímọ̀ kan, Adrian Ward ti Yunifásítì Texas ní Austin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn kan da fóònù wọn délẹ̀ sórí tábìlì, kí àwọn kan fi sí àpò, kí àwọn yòókù fi sílẹ̀ ní yàrá mìíràn. Kò sí èyí tó ń dún níbẹ̀. Àwọn tó fi tiwọn sí yàrá mìíràn ló ṣe dáadáa jù nínú iṣẹ́ ọpọlọ tí wọ́n gbé fún wọn. Àwọn ti orí tábìlì ló gbẹ̀yìn. Àwọn onímọ̀ mìíràn tún un dán wò, èsì gbogbo wọn kò sì bára mu, nítorí náà n kò ní fi í búra. Àlàyé Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí létí ṣá: agbára tí ẹ fi ń sọ pé "n ò ní wò ó", nínú èyí tó yẹ kí ẹ fi ka téèpù ló ti ń jáde.

Ìbéèrè: Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi ń dá oníbàárà lóhùn. Kí ni ìyẹn bàjẹ́?

Ìdáhùn: Onímọ̀ kan, Sophie Leroy, ṣàlàyé rẹ̀ ní 2009: tí a bá fi iṣẹ́ tí kò tíì parí sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn, ọkàn wa kì í bá wa lọ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí nígbà tí a bá padà. Ẹ ti ká léèsì sí méjì, ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà apá búbà, ni fóònù bá tàn. Ẹ dáhùn. Ẹ padà mú sísọ́ọ̀sì, ẹ kò sì rántí mọ́ bóyá ẹ ti fi àyè tí ẹ máa rán kún ìlà náà. Léèsì tí a bá ti gé, ó di gígé nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé kí n wá app tó ń ti fóònù pa?

Ìdáhùn: Kò pọn dandan.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà mi wà.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa fóònù tì kò mọ iṣẹ́ yín. Àsìkò gígé ni kí ẹ dáàbò bò. Ẹni tó ń gán bọ́tìnnì lè dáhùn. Tí ẹ bá fẹ́ gé, ẹ gbé fóònù fún ọmọ iṣẹ́ yín níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn oníbàárà sì mọ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń jó lábẹ́ ni kó pè. Tí ìpè bá wá dé láàárín gígé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n kí ẹ tó dìde: "Apá ọ̀tún, mo ti fi àyè rírán sí i, ó ku gígé." Leroy àti Theresa Glomb dán irú àkọsílẹ̀ ráńpẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2018: ẹni tó kọ ibi tó bá iṣẹ́ dé àti ohun tó kàn sílẹ̀ máa ń lè gbé ọkàn kúrò lórí rẹ̀, kó fi ṣe ohun tó dá a dúró náà dáadáa.