Ìlera òṣìṣẹ́ nígbà tí owó ò pọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Owó tí iléeṣẹ́ wa lè yọ sílẹ̀ kéré. Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ná an lé lórí?

Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń fi ojú àwọn èèyàn yín rí. Iléeṣẹ́ tó ń pín èso lọ́jọ́ Ajé, tó wá ń dá òṣìṣẹ́ dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fúnni, tó ń fi tòsì gbà á padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ìṣirò kan lọ́dún 2021. Wọ́n fi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wé ẹni tó ń ṣe 35 sí 40: ewu rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga jù lára ẹni àkọ́kọ́, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 ga jù.

Àtúntò ṣíìfù kì í gba owó. Ẹ lẹ àkọsílẹ̀ ìgbà tí kálukú máa wọṣẹ́ síta ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí òṣìṣẹ́ lè mọ bó ṣe máa to ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wákàtí 11, ó kéré tán, wà láàárín ìgbà téèyàn ṣíwọ́ àti ìgbà tó máa padà wọlé. Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kò gbọ́dọ̀ gba ti ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìbọ̀wọ́, awò ààbò àti ìdítí mọ́ àǹfààní òṣìṣẹ́. Àdéhùn 155 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe lọ́dún 1981 sọ ọ́ gbangba pé òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ náwó kankan lórí ètò ààbò níbi iṣẹ́. Ẹ̀tọ́ ni.

Adójútòfò ìlera ńkọ́? Kí ló dé tí wọ́n fi ń ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ̀ ọ́?

Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bá wù ló ń wọlé, àwọn tí àìsàn ti ń yọ lẹ́nu ló máa kọ́kọ́ sáré forúkọ sílẹ̀. Àwọn tára wọn le á ní káwọn ṣì fi owó àwọn sápò. Owó ìtọ́jú á wá ju owó tí wọ́n dá lọ, wọ́n á fowó lé e lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn alára líle tó ṣẹ́ kù á tún yọ. Bí gbogbo yín bá jọ wọlé, ẹrù náà á pín, owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá á sì wálẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè oṣù tí èèyàn máa dúró kí wọ́n tó sanwó ìbímọ tàbí iṣẹ́ abẹ, bóyá wọ́n gba àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, iye tí wọn ò ní kọjá lọ́dún, àti èyí tí òṣìṣẹ́ á máa fi tirẹ̀ kún. Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ ni ti ilé ìwòsàn: wọ́n á mú èyí tó wà nítòsí ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀, òru ni ara ọmọ máa ń gbóná, nílé. Àdúgbò táwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ni kẹ́ ẹ fi yàn án. Bí owó ò bá ká gbogbo ẹ̀, ẹ ra ohun tó lè sọ èèyàn di onígbèsè lẹ́ẹ̀kan náà: ìdúbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ, ìbímọ. Oògùn orí fífọ́ lè dúró.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru kan la lè rà. Ṣé ó wúlò?

Ó wúlò, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè; ẹ fi ti ọrùn ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ ra aṣọ ìwéapá títóbi àti kékeré, torí èyí tó bá kéré jù lápá ẹni tó sanra máa ń gbé iye náà sókè lórí irọ́. Kéèyàn má mu kọfí tàbí sìgá ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú, kó lọ tọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún: ẹ̀yìn rọ̀gbọ̀kú, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá tí aṣọ ò bò wà lórí tábìlì ní déédéé ọkàn. Kó má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ibi táwọn kan ti ń yẹ̀yẹ́ ara wọn lórí ìlà, tí ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun àtẹ̀gùn dé, irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn máa pa.

Bó bá jẹ́ 140/90 (nọ́ńbà òkè 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ 90) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, dókítà ló kàn. Bó bá ju 180/120 lọ, tí àyà ń dùn ún, tí ojú ń ṣú tàbí tí apá kan ara rọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àmọ́ wíwọ̀n lásán kì í wo èèyàn sàn. Ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, lórí òṣìṣẹ́ bí 33,000. Lẹ́yìn oṣù 18 ètò ìlera níbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ sọ pé àwọn ń ṣe eré ìdárayá sí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn, owó ìtọ́jú wọn àti ọjọ́ tí wọn ò fi wá síbi iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò sí nínú ètò náà. Èrò tèmi ni pé wákàtí méjì tí wọn ò ní yọ lówó oṣù, kí ẹni tí tirẹ̀ ga fi lọ rí dókítà, sàn ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lọ.

À ń sanwó fún agbaninímọ̀ràn tí òṣìṣẹ́ lè bá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń lọ. Kí ló fà á?

Ẹ̀rù ni: kí ọ̀gá má gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mánéjà ni wọ́n ti máa gba fọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Kí òṣìṣẹ́ pe nọ́ńbà náà tààrà. Kí agbaninímọ̀ràn máa fi iye èèyàn nìkan ránṣẹ́ sí yín, láìsí orúkọ, kó má sì pín in sí ẹ̀ka bí ẹ̀ka, torí nínú ẹ̀ka èèyàn mẹ́ta, iye lásán ti tú àṣírí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

Ẹ kọ́ àwọn mánéjà pé kì í ṣe tiwọn láti sọ irú àìsàn tó ń ṣe èèyàn. Ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ wọn ni: “Èwo nínú iṣẹ́ yìí ni ká gbé kúrò lọ́rùn yín fún ọ̀sẹ̀ méjì?”

Ẹ̀yìn ń dun àwọn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ṣé àga olówó gọbọi la máa rà ni?

Rárá. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé ìdì bébà títí orí rẹ̀ fi dé déédéé ojú, kẹ́ ẹ ra kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ sí i. Kéèyàn dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Ní ti ojú, ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, kó wo ohun tó jìnnà tó mítà mẹ́fà fún ìṣẹ́jú àáyá 20.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta sílẹ̀: ọjọ́ àìsàn, iye ẹni tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, àti ẹni tó fara pa. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ má jáyà bí ọjọ́ àìsàn bá kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Àwọn tó ń gbé ibà wá síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, torí ìbẹ̀rù kí wọ́n má yọ owó wọn, ló ti ń dúró sílé báyìí, ìdí rèé tí ó fi yẹ kẹ́ ẹ fi iye ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kà kẹ́ ẹ tó dá ẹjọ́ ètò náà.